Orúkọ Àwọn Tó Gba Ife Orílẹ̀-Èdè Kí Líìgì Tó Dé

Òpópónà Àjíbíkẹ́,
Ìsọlọ̀,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Gbọ̀ngàn Ìrántí Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá,
Òṣòdì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ORÚKỌ BÀBÁ MI ÀTI ÀWỌN ẸLẸGBẸ́ RẸ̀ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ GBỌ̀NGÀN YÍN

Mo ti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo sì ti wá sí ọ́fíìsì yín títí tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì fi ń béèrè àlàáfíà bàbá mi lọ́wọ́ mi. N kò rí èsì gbà. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo tún kọ ọ́.

Bàbá mi, Alhaji Abdulwasiu Ọláyanjú, ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ aṣọ kan tó ti kógbá wọlé ní Ìsọlọ̀ níbí. Kò tíì sí líìgì nígbà náà. Ife kan ṣoṣo ni gbogbo ẹgbẹ́ ń dù. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ó di ilé nìyẹn. Èyí tó bá kù gbẹ̀yìn ni ọ̀gá gbogbo orílẹ̀-èdè.

Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá, orúnkún Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè Àyàntúndé, tó ń gbá ẹ̀yìn, yẹ̀ kí abala kìíní tó parí. Òfin ìgbà náà kò gbà kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ di orúnkún òun, kí òun dúró síwájú ilé pẹ̀lú bàbá mi, nítorí òun ṣì lè fi orí gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ló dúró sí títí rẹfirí fi fọn fèrè ìparí. Góòlù kan sí òdo ni wọ́n fi borí. Ó ń tiro láti ọjọ́ náà, kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Nígbà tí ẹ ṣí gbọ̀ngàn yín, àwọn méjèèjì nìkan ló ṣẹ́ kù láyé. Èmi ni mo mú wọn wá. Ẹ ní kí àwọn tó ti gba ife rí dìde bí ẹ bá pe ọdún wọn. Bàbá mi ti ń tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ọdún tí líìgì bẹ̀rẹ̀ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Nígbà tí ẹ pè é tán, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè di àga mú, ó dìde, ó kàn dúró. Òṣìṣẹ́ yín kan wá bá a, ó sì rọra sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Pàdánù-kí-o-máa-lọ ni tiyín, kì í ṣe líìgì. A kò kà á mọ́ ọn.”

Ó dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, òun nìkan ló wà nígbà yẹn.”

Bàbá mi ló fà á lọ́wọ́ kí ó tó jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè ti kú báyìí. Ojú bàbá mi kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Bí kẹ̀kẹ́ Màrúwá bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á ní, “Sàfúrátù, ṣé àwọn ni?” Mo máa ń sọ fún un pé ẹ kò tíì dé.

N kò ní kí ẹ pe ife náà ní líìgì. Ẹ bá wa kọ orúkọ wọn sí ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fún ibẹ̀ ní àkọlé tó bá wù yín. Bí ẹ kò bá sì ní ṣe é, mo bẹ̀ yín, ẹ rán ẹnìkan wá sọ ọ́ fún un. Èmi kò lè sọ ọ́.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni,
Sàfúrátù Ọláyanjú (Ìyá Alameen),
Ọmọbìnrin aṣọ́lé.