Wọ́n Ní Mi Ò Ní Ìka

Ajé, 3 oṣù kẹta

Wọ́n ní mi ò ní ìka. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tẹ àtàǹpàkò mọ́ ẹ̀rọ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló tan iná pupa. Ẹ nu ọwọ́ yín. Mo nù ún. Ẹ fi ìpara díẹ̀ sí i. Mo fi sí i. Obìnrin onígíláàsì tó ń forúkọ wa sílẹ̀ fún ìdánwò gbé ọwọ́ mi sókè bí ẹni ń yẹ ẹja tó ti bàjẹ́ wò. "Mọ́mì, ìlà ò sí níbẹ̀ mọ́ o." Mọ́mì! Èmi tí ò tíì bímọ.

Ta ló gba ìlà ọ̀hún? Ọdún méjìlá ni mo ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Omi gbígbóná, ọṣẹ tó lè jẹ irin. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì ń ṣí, ìlà ọwọ́ mi náà bá a ṣí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dá ara mi lẹ́kọ̀ọ́ lórí páálí ọṣẹ, kí n lè ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ wá ní òun ò mọ̀ mí.

Ìṣẹ́gun, 4

Fọ́ọ̀mù kan wà fún irú wa. Ẹni tó mọ̀ mí dáadáa, tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ni kó kọ ọ́, kó buwọ́ lù ú. Ìbéèrè kan péré: Ọdún mélòó lo ti mọ ẹni yìí? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà á mọ.

Ìyẹn rọrùn. Àǹtí Lọ́dún-Tó-Ń-Bọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Èmi ni mo fọṣọ tó fi kàwé jáde. "Ọdún méjì péré, àbúrò mi," ló kọ́kọ́ sọ. Ọdún méjì pé, ó di "Lọ́dún tó ń bọ̀, ó kàn ẹ́." Ó ti wà ní ọ́fíìsì báyìí, fáànù ń fẹ́ ẹ lórí. Ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́nà.

Ọjọ́rú, 5

Kò gbé fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo lọ ká a mọ́lé. Ó ka fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi báírò họ orí. Ó ní ìwé ìjọba nìyí o, òun ò lè forúkọ òun ṣeré. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ṣé irọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ pa ni? Ó ní ta ló máa dúró ti màmá tí mo bá lọ? Pé ṣé èmi àti àwọn ọmọ kéékèèké la jọ fẹ́ máa wọ yunifọ́ọ̀mù ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fara balẹ̀ ná — lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó bu tíì fún mi. Mo di ife náà mú. Òun ló pariwo pé ó gbóná, kí n gbé e sílẹ̀.

Mi ò mọ̀.

Ẹtì, 7

Má-Jókòó lọ̀gá wa ní yàrá ìfọṣọ. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ó ká fọ́ọ̀mù mọ́ mi lọ́wọ́. "Ìyá oníwèé, kí lò ń kà níbi iṣẹ́?" Mo ṣàlàyé. Ó na àtàǹpàkò tiẹ̀ náà sí mi — ó ń dán bí àwo. Ó nu ọwọ́, ó kọ ọ́: Ọdún méjìlá. Ó buwọ́ lù ú. "Tó o bá lọ, o ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ nìyẹn. Ó yá, sáré. Má jókòó!"

Àbámẹ́ta, 15

Mo ṣe ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni báírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ariwo tó pa nílẹ̀ ni mo fi ń mọ̀.

Ajé, 17

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹtì, 11 oṣù kẹrin

Mo yege. Orúkọ mi ló ṣìkẹsàn-án lára ògiri. Onígíláàsì ń fò sókè — "Mọ́mì, ẹ̀yin rèé!" Ó yẹ kémi náà fò. Mo bi í bóyá fọ́ọ̀mù ọjọ́sí ṣì kù. Ó fún mi ní ọ̀kan.

Mo padà lọ ká aṣọ tó kù. Má-Jókòó fa àga sí mi. Ó ní kí n jókòó.

Àìkú, 13

Ilé màmá. Àǹtí ti ṣáájú mi débẹ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé òun lòun ní kí n má jáwọ́. "Àbúrò mi nọ́ọ̀sì rèé o!" Ó fún mi lọ́wọ́ pinpin, wọ́n ya fọ́tò. Mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Kí n tó kúrò, mo ki fọ́ọ̀mù yẹn bọ inú báàgì ẹ̀, pẹ̀lú báírò. Ẹnikẹ́ni ò bi í mọ́. Ẹ̀rọ ò bi í, ilé-ẹ̀kọ́ ò bi í. Èmi ni mo ń bi í.

Ẹ̀gbọ́n, ọdún mélòó lẹ ti mọ̀ mí? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ buwọ́ lù ú.