Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Ẹ Kò Rí Nínú Àbàtà

Ẹ̀ka Ìṣirò,
Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì, Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje.

Ọ̀gá Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ àti Omi,
Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ TÍÌ DA IYANRÌN SÍ ÀBÀTÀ Ẹ̀YÌN ILÉ-ÌKÀWÉ

1. Ìgbìmọ̀ yín kọ̀wé pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ ó fi iyanrìn dí àbàtà náà kí ọkọ̀ lè ríbi dúró sí. Ẹ ní àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ ti tán. Èmi tí mo ń fi ìṣirò wá wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí omi mìíràn nítòsí tí wọ́n lè yé ẹyin sí.

2. Ọ̀sán gangan ni àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ ṣàyẹ̀wò, ọkọ̀ wọn sì ń bú ramúramù. Wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Àbí wọn kò gbọ́ rí pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán?

3. Ìṣirò tèmi kò ṣòro. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí mo gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀rí tuntun bá dé, mo fi kún un tàbí kí n yọ níbẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀rí ọ̀sán yẹn fúyẹ́. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí mo gbé sẹ́bàá omi sì gbọ́ igbe tó jọ tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo wá kọ̀wé sí yín pé bí a bá pín ọ̀rọ̀ náà sọ́nà mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́jọ ló fi hàn pé wọ́n ṣì wà. Ẹnjiníà yín dá a padà, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ jẹ́ kó dá yín lójú ná." Ó dùn mí, nítorí kò sẹ́ni tó bi àwọn tó lọ lọ́sàn-án bóyá ó dá wọn lójú. Bàbá àwọn ọmọ mi kò tilẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ó ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni òun náà ti ń retí kí n sọ pé ohun kan dá mi lójú.

4. Mo wá sí ọ́fíìsì yín láàárọ̀ àná. Akọ̀wé yín ní ẹ kò sí. Mo yọjú wo yàrá yín, n kò rí yín lóòótọ́. Bí mo bá tẹ̀lé ìlànà ìgbìmọ̀ yín, ó yẹ kí n kéde pé ọ̀gá ti tán nílùú, kí wọ́n máa gbé iyanrìn bọ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù kọ́ sẹ́yìn àga, fáànù ń yí, tíì orí tábìlì sì ń rú èéfín. Mo fi gbogbo rẹ̀ kún ìṣirò mi, òun ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí.

5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi lẹ́bàá àbàtà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ẹ fẹsẹ̀ rìn wá. Bí a kò bá gbọ́ ohùn kankan, èmi fúnra mi yóò yọ nínú mẹ́jọ mi. Ṣùgbọ́n bí iyanrìn bá ti bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹ̀rí tó lè ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Ohun tí mo ṣe fún yín lẹ́nu ọ̀nà yín ni kí ẹ bá mi ṣe fún wọn: n kò rí yín, mo sì gbà pé ẹ wà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, èyí sì dá mi lójú,

Olùkọ́ Àgbà nínú Ìṣirò
(tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́)