Ọ̀fọ̀ Tí Kò Ṣẹ̀

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀,
Ẹ̀yìn Benson, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
18 Oṣù Kẹfà, 2025.

Dùnsìn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Leeds? Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ti parí ìdánwò? Ara tèmi le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. O ní kí n máa fi Yorùbá nìkan kọ̀wé sí ọ, kí ọwọ́ wa lè yá nínú èdè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Yorùbá náà ló kó bá mi báyìí.

O rántí ìkànnì mi, níbi tí mo ti ń gba géèmù sílẹ̀, tí mo sì ń fi Yorùbá sọ bó ṣe ń lọ. Bọ̀dá Adélàjà tó wà ní Ẹ̀pẹ́ la jọ máa ń gbá a, pẹ̀lú àbúrò wọn, Abọ́dúnrìn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Kálukú wà nílé rẹ̀, ayélujára ló so wá pọ̀. Géèmù ogun ni. Tí wọ́n bá yìnbọn pa ọ́, láìpẹ́ wàá tún jí, wàá gbé ìbọn rẹ, ó tán.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ilé kejì sí tiwa. Mo tẹ̀lé Àǹtí Rùkáyàt, àbúrò bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, lọ kí wọn, ni mo bá gbọ́ tí gbogbo èèyàn ń wí pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè bí ọmọ ilé kéú.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn náà, wọ́n pa Abọ́dúnrìn nínú géèmù. Mo bá fi ohùn tútù wí pé, "Háà, Bọ̀dá Adélàjà, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Abọ́dúnrìn ti lọ. Ọlọ́run á tù yín nínú." Bọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Mo gé ibẹ̀ jáde, mo dá a dúró kí ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀, mo fi ojú ara mi nìkan kún àwòrán. Mo gbé e síta.

Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wásáàpù àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́. Aránṣọ ni màmá Bọ̀dá. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n wà lọ́sàn-án Sọ́ńdè tí aládùúgbò kan wọlé, tó káwọ́ lérí, tó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n." Màmá ní, "Ti ta ni?" Ó fi fóònù hàn wọ́n. Wọ́n pe Abọ́dúnrìn, fóònù rẹ̀ ti kú. Wọ́n pe Bọ̀dá, kò lọ. Wákàtí méjì gbáko ni Màmá fi ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó ń sùn. Kí Abọ́dúnrìn tó pe padà, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru, ọsibítù ni wọ́n sùn.

Àǹtí ní, "Padà sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ, ọmọ yìí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ ò tíì pa ẹnikẹ́ni." Mo pa fídíò náà rẹ́, àmọ́ ẹyin ti fọ́. Mo sì gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ: Gẹ̀ẹ́sì ni màá máa sọ lórí ìkànnì mi láti ìgbà yẹn lọ.

Nígbà tí wọ́n dá Màmá sílẹ̀, Àǹtí mú mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo kúnlẹ̀. Màmá ò wò mí, wọ́n ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n pa tó tún dìde, ará fẹ́ra kù la fi ń kí i? Ẹ kú ewu ńkọ́? Ẹni tó kọ́ ẹ ò kọ́ ẹ tán." Mo bẹ̀bẹ̀, mo ní mi ò ní sọ Yorùbá lórí ìkànnì mi mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbójú sókè. "Kí lo wí? Wọ́n ṣì ń pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde pé ọmọ mi kú. Ẹnu tó ní ó kú ni yóò ní ó wà láàyè. Àbí o fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn?"

Bí mo ṣe ń gba fídíò mìíràn sílẹ̀ nínú yàrá wọn nìyẹn, Màmá jókòó tì mí, Abọ́dúnrìn wà lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, Abọ́dúnrìn kò kú mọ́." Màmá pariwo: "Kò kú mọ́ kẹ̀? Ṣé ó ti kú rí ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà.

Igba èèyàn péré ló wo òótọ́ yìí. Irọ́ ikú yẹn ti ju ẹgbàárùn-ún lọ kí n tó pa á rẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tí n kò mọ̀ rí, àwọn kan á bú mi, àwọn kan á kí mi kú ará fẹ́ra kù.

Màmá ti ní kí Bọ̀dá fi ìkànnì mi sórí fóònù àwọn, kí àwọn lè máa fetí ara àwọn gbọ́ bóyá ọmọ àwọn wà láàyè. Àná ni wọ́n pè mí pé kí ló dé tí wọn ò rí nǹkan tuntun. Mo ní ó rẹ̀ mí, mà. Wọ́n ní kí n sinmi dáadáa, ṣùgbọ́n kí n má gbàgbé pé àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni mo tún fẹ́ wí? Ọ̀la, tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, a ó gbá géèmù mìíràn.

Bá mi kí Màmá rẹ, kí o sì bá mi fa etí àbúrò rẹ. Àǹtí náà ní kí n kí ọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,

Oríyọmí.