Orrin Tveit, Ajùbọ́ọ̀lù Ọjọ́ Kan

Ìdílé àwọn olóko màlúù ni bàbá wa, Olóògbé Orrin Tveit, ti wá. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, ọdún 1932, ni Gudrun, aya Halvor Tveit, bí wọn sí oko tó wà lẹ́bàá Alder Creek, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1950. Àmọ́ ká má parọ́ mọ́ òkú: bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́ jù. Ara abà ni wọ́n ń jù ú mọ́ títí pátákó fi lu.

Ní 1951, wọ́n di ajùbọ́ọ̀lù nínú àwọn líìgì kéékèèké ti bésíbọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kẹsàn-án 1955, líìgì àgbà pè wọ́n sí Chicago. Bàbá àgbà Halvor, tí kì í fi oko sílẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ọmọ wọn. Apá keje nínú mẹ́sàn-án eré náà parí, Orrin ò tíì wọ pápá. Màlúù ò mọ ọlidé, wàrà òwúrọ̀ sì ń dúró de Bàbá àgbà. Ni wọ́n bá sáré lọ wọ ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Apá kẹjọ ni wọ́n pe Orrin. Bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ni bàbá wa jù, alátakò mẹ́ta ni wọ́n lé jáde. Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ dá wọn padà sí líìgì kékeré, wọn ò sì pè wọ́n mọ́. Ó dun Bàbá àgbà wọra.

Ní 1957, bàbá wa gbé Marlys Lien níyàwó, wọ́n sì jókòó ti oko. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bésíbọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Luteran wa, àwọn ló ń se kọfí lẹ́yìn ìsìn. Ó máa ń le débi pé pásítọ̀ ń bomi là á.

Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀lù mọ́kànlá péré ni wọ́n jù, bàbá wa á ní rárá, méjìlélógún ni. Àwa ọmọ rò pé ogbó ti dé. Kérésì tó kọjá ni wọ́n tó là á yé Solveig, àkọ́bí wọn:

“Ọjọ́ Ìsinmi tí mo délé, bàbá mi ò tíì bọ́ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi wọ ìbọ̀wọ́ awọ, wọ́n lóṣòó sẹ́yìn abà. Wọ́n ní, ‘Ju gbogbo ẹ̀ fún mi bó o ṣe jù ú ní Chicago. Má rọra o.’ Mo ju mọ́kànlá mìíràn pé. Ọwọ́ wọn wú, èmi ni mo fún wàrà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.”

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, 2019, ni wọ́n sinmi, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Màmá wa Marlys, àwa ọmọ wọn, Solveig, Duane àti Lorna, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, ló gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Ẹ bá wa kí Bàbá àgbà. Wọ́n kúkú rí yín.