Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́rùn Yín

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ. Mo gbà pé ara yín le. Ní tèmi, ayọ̀ fẹ́ pa mí! Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọkọ mi ń fọ abọ́, ó ń súfèé orin tí kò gún rárá, síbẹ̀ ó ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín, n kò ní fi bò.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí onífọ́tò wá mi tì, ẹ sọ fún gbogbo èrò pé, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí iṣẹ́ bá ti dé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi nìkan ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà mi lọ́wọ́ rẹ̀: "Ìyàwó mi, rọra ṣe é. Tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ibí la ó ti ya fọ́tò."

Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní, ṣé inú máa ń lọ́ mi, tí á sì fúyẹ́ bí mo bá yàgbẹ́ tán? Ṣé ó máa ń wú? Ṣé ìgbẹ́ á ṣàn lónìí, á tún gan lọ́la? Ṣé ó máa ń le sí i bí ọkàn mi kò bá balẹ̀? Àfi bí ẹni tó ti bá wa gbé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín! Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ mi wò, kò sí egbò, kò sí kòkòrò. Ó ní ìfun mi ló máa ń tètè gbaná, pé ìpayà sì máa ń ta á jí.

Ìpayà! Ta ló ń kó o bá mi? Ara téèpù tí ẹ fi ń wọn oníbàárà, tó wà lọ́rùn yín, lẹ so kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Àfi kí n kúnlẹ̀ tọrọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ ó ní, "Inú ọ̀lẹ ti tún dé," torí pé ọjọ́ tí aṣọ bá pọ̀ ló máa ń ṣe mí. Ẹ ó tún fún mi ní oògùn ìyàgbẹ́ lé e. Ojú ń ta mí, ẹ ń fi ata sí i!

Àbúrò mi tó jókòó sídìí ẹ̀rọ mi lọ́dọ̀ yín báyìí pè mí lánàá, ó ń sunkún. Kì í jẹun àárọ̀ mọ́, kó má baà tọrọ kọ́kọ́rọ́. Àǹtí, ẹ tọ́ mi, ẹ kọ́ mi níṣẹ́, n kò lè san oore yín tán. Ṣùgbọ́n ìyà tí mo jẹ, òun kò ní jẹ ẹ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ mú ọmọ náà lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, torí inú rírun kì í ṣe oríṣi kan. Bí ẹ bá kọ̀, èmi àti ọkọ mi ń bọ̀ wá mú un.

Ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n nídìí abẹ́rẹ́. Ohun tí ara yín bá ń béèrè, ẹ kò ní kúnlẹ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láé.

Èmi ni,
Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ìyàwó tuntun.

Àfikún: Ìṣó wà nínú àpò ìwé yìí. Ọkọ mi ló ṣà á, ó ní kọ́kọ́rọ́ kò ní já bọ́ lára rẹ̀. Ẹ má kàn án sókè jù. Àbúrò mi kò ga.