Ẹni Tó Bi Ìyá Rẹ̀ Pé Ta Ni Jésù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Olùkọ́ Lucas Jẹ́jẹ́lọlá Ajíbóyè (1918–1972)

Ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ ikọ́ àti ibà, ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ni a bí Olóògbé Lucas Jẹ́jẹ́lọlá Ajíbóyè ní Ìlútítun. Gbádégẹṣin Ajíbóyè, àgbẹ̀ ọlọ́pẹ, ni baba rẹ̀. Aníwúrà, ọmọ bíbí Igbotako, ni ìyá rẹ̀. Àrùn náà ti pa ọmọ méjì tó ṣáájú rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi mú baba wọn náà lọ. Bó ṣe ku ìyá àti ọmọ ọwọ́ kan nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá ẹbí Ajíbóyè dárò lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyá yìí sọ́kàn. Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn Lucas kí á yọ Aníwúrà kúrò níbẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ dàgbà, ìrònú rẹ̀ náà ló sì pa á.

Púpurú títà ni Aníwúrà fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n rìbìtì, yóò sì tò ó sórí àjà iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Èéfín ibẹ̀ ba ojú rẹ̀ jẹ́ kó tó darúgbó. Nígbà tí Lucas wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Igbotako ní ọdún 1927, ẹsẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ń rìn lọ gbé oúnjẹ fún un. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Opó tí kò ní ìró méjì, òun ló fẹ́ sọ ọmọ di òyìnbó!" Ó kàn ń gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ. Lucas ka ìwé mẹ́fà yege ní ọdún 1935. Lọ́jọ́ tó mú ìwé ẹ̀rí náà wálé, ìyá rẹ̀ fi í pa mọ́ sínú àpótí aṣọ, ó ní kí èéfín má bàa dé ibẹ̀. Ìyá náà kì í pè é ní Lucas o. "Ọma mi" ló máa ń pè é, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ọmọ.

Ní ọdún 1936 ó di akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra èkùrọ́ ní Òkìtìpupa, iṣẹ́ tó ṣe títí di ọdún tó kú. Ẹbí kò fẹ́ parọ́ mọ́ òkú: ènìyàn líle ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fi iyanrìn kún àpò èkùrọ́, ìbáà jẹ́ àna rẹ̀, yóò da àpò náà sílẹ̀ lójú gbogbo ọjà. Ní ọdún 1943 ó gbé Dora, ọmọ Osooro, níyàwó. Dora máa ń fi í ṣàwàdà pé bí òun bá pẹ́ lọ́jà, ó yẹ kí òun mú ẹlẹ́rìí méjì bọ̀ wálé kí ọkọ òun tó gbà pé òjò ló dá òun dúró. Olúwa fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1949 ló wọ ìjọ Aládùúrà ní Ìlútítun, lẹ́yìn tí àdúrà gba àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Ní ọdún 1958 ìjọ fi í joyè Olùkọ́, ẹni tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi. Ní ọdún 1963 àwọn oníwàásù kan gba ìlú kọjá, wọ́n ń kọ́ ènìyàn pé ẹ̀dá ni Jésù, pé Ọlọ́run dá a bó ṣe dá áńgẹ́lì. Àwọn ìdílé kan bá wọn lọ. Olùkọ́ Lucas dìde. Háà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ nígbà náà, ṣé ẹ lè gbàgbé? Yóò ní, "Jésù ní kí Ábúráhámù tó wà lòun ti wà, àwọn Júù sì ṣa òkúta. Ta ló ń sọ ènìyàn lókùúta nítorí pé ó ní òun pẹ́ láyé? Wọ́n mọ ohun tó pe ara rẹ̀!" Yóò ní, "Ènìyàn wólẹ̀ fún Pétérù, Pétérù ní kó dìde. Jòhánù wólẹ̀ fún áńgẹ́lì, áńgẹ́lì ní rárá o. Tọ́másì pe Jésù ní Olúwa àti Ọlọ́run òun. Ṣé Jésù ní kó pa ẹnu dé?" Yóò kọjú sí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà ìsàlẹ̀ odò, yóò bi wọ́n pé ta ni nínú wọn tó lè bá ìjì wí kí ìjì sì gbọ́. Ọ̀rọ̀ Sítéfánù ló máa ń fi kádìí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí òkúta ń bà á, tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, Jésù ló ké pè pé kó gba ẹ̀mí òun. "Ta ni à ń ké pè nígbà tí a bá ń kú lọ," ni Olùkọ́ máa ń béèrè, "bí kì í bá ṣe Ọlọ́run?" Àwọn tó ti lọ padà wá.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá dá a lábàá pé kí ìjọ má ṣe tẹ ẹnikẹ́ni bọmi mọ́ láìjẹ́ pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé Ọlọ́run ni Jésù, tó sì fi Bíbélì tì í lẹ́yìn. Ẹni tí a kò bá tẹ̀ bọmi kò gbọdọ̀ wọ aṣọ funfun, bó bá sì kú, ìjọ kò gbọdọ̀ kọrin sin ín. Àwọn alàgbà fọwọ́ sí i. Inú gbogbo wa dùn nígbà náà pé a ní Olùkọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú.

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún 1966, Aníwúrà jókòó sórí bẹ́ńṣì ìdánwò láàárín àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ó ti rán aṣọ funfun. Ó ti yan orúkọ tí wọn yóò pè lé e lórí nínú odò: Salome, nítorí ó gbọ́ pé Salome wà lára àwọn obìnrin tó gbé òróró lọ sí ibojì Jésù láàárọ̀. "Èmi náà mọ ọ̀nà ibojì," ló wí fún Dora. Nígbà tó kàn án, Olùkọ́ bi í bó ṣe ń bi gbogbo ènìyàn: "Ìyá, ta ni Jésù?"

"Ọmọ Ọlọ́run ni."

"Ṣé Ọlọ́run ni?"

Ìyá ní, "Ọma mi, ọmọ ni mo pè é. Ọmọ kì í gba orí àga baba rẹ̀ nígbà tí baba wà lókè eèpẹ̀. Ìwọ àti baba rẹ, ṣé ẹnìkan náà ni yín?"

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó tún ọ̀rọ̀ náà là fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún bi í. "Mo gbọ́ ohun tí o wí," ni ìyá fèsì, "ṣùgbọ́n kò tíì yé mi dénú, mi ò sì ní parọ́ nínú ilé yìí. Èmi ṣáà ń bá a sọ̀rọ̀ láràárọ̀ nídìí iná, ó sì ń gbọ́ mi." Bàbá Àpọ́sítélì, olórí ìjọ, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: "Olùkọ́, ẹ jẹ́ kó kọjá. Àgbàlagbà ni, ìyá yín sì ni." Lucas mi orí. Ó ní, "Bí mo bá ṣílẹ̀kùn fún ìyá mi, ojú wo ni màá fi tì í mọ́ ẹlòmíràn?" Ó ní kí ìyá dúró di Àjíǹde ọdún tó ń bọ̀. Aníwúrà dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ó dáa, Olùkọ́," ló wí.

Láti ọjọ́ náà kò pè é ní ọma mọ́. Kò bínú o. Oúnjẹ rẹ̀ ṣì ń dé, ó sì ń kí i bó ṣe yẹ. Olùkọ́ ló kàn ń pè é, bí gbogbo ìjọ ṣe ń pè é. Lucas gbọ́ ọ. Ó sọ fún Dora pé yóò tán lára ìyá òun bó bá di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀ kò bá ìyá láyé. Ní oṣù Keje, òjò ń rọ̀, Lucas wà nídìí òṣùwọ̀n ní Òkìtìpupa, Aníwúrà ṣubú nídìí púpurú rẹ̀. Dora ló gbé e sórí ẹsẹ̀. Nígbà tí Lucas fi máa dé, wọ́n ti pa ojú rẹ̀ dé. Ó sáré lọ bá àwọn alàgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá òun wọ aṣọ funfun rẹ̀, kí wọ́n kàn kọ orin kan. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pẹ̀lú omi lójú pé, "Olùkọ́, òfin yín ni." Lucas yí padà sílé. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni a sin Aníwúrà sí. Kì í ṣe ìtìjú pé kí á sin ènìyàn sílé rẹ̀. Ohun tó dun ni ni pé a gbé e wọlẹ̀ láìsí orin, láìsí àdúrà ìjọ, kìkì ìró ṣọ́bìrì nínú òjò.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni Lucas bi Dora ohun tí ìyá òun sọ kẹ́yìn. Dora kò mọ ohun tí ìdáhùn rẹ̀ máa ṣe. Ó ní, "Kò sọ púpọ̀. Ó ní, 'Jésù, gba ẹ̀mí mi.' Òun ṣáà ni ìyá máa ń bá sọ̀rọ̀." Lucas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Ìyá mi dáhùn," ló wí. "Ó dáhùn níwájú gbogbo bẹ́ńṣì, èmi ni mi ò gbọ́." Ẹ̀rí tó ti fi kádìí ẹ̀kọ́ láti ọdún yìí wá, ẹnu ìyá rẹ̀ ló wà láràárọ̀, nínú èéfín, nítòsí yàrá tó ti ń ka Bíbélì.

Ní Àjíǹde ọdún 1967 ó dìde níwájú bẹ́ńṣì ìdánwò, ó ní, "Ta ni," kò lè parí rẹ̀. Ó jáde. Kò ṣiṣẹ́ Olùkọ́ mọ́. Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, lẹ́nu ọ̀nà, láìwọ aṣọ funfun. Àwọn kan rò pé ó ti kọ ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Agatha ọmọ rẹ̀ ń tù ú nínú, ó dá a lóhùn pé, "Ká ní ènìyàn lásán ni Jésù, ọ̀ràn mi ì bá rọrùn, màá rí ibi fi ojú pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo yín lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo dúró sí tí mo lé ìyá mi."

Ó ṣe iṣẹ́ ìlú ní àwọn ọdún náà. Ó wà lára àwọn tó gbé afárá odò dúró ní ọdún 1968, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ìwé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Ogun abẹ́lé gbé Benedict ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì dá a padà láàyè ní ọdún 1970. A rò pé ayọ̀ yóò dé. Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sọkún, ó sì padà lọ jókòó lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tí a bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ẹnìkan dábàá Salome, ó ní rárá, orúkọ náà ní ẹni tó ni ín.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Àpọ́sítélì, ó sì sọ níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìyá òun ni kí wọ́n sin òun sí, láìwọ aṣọ funfun, láìkọ orin. Bàbá Àpọ́sítélì bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ohun tí mo fi du ìyá mi, ẹ má fi í ṣe mí lọ́ṣọ̀ọ́." Ọjọ́ kejì ló dákẹ́. Ẹbí fẹ́ lè sọ pé ó rí àlàáfíà kó tó lọ. A wò ó lójú. A kò rí i.

Ó fi aya sílẹ̀, Dora. Ó fi ọmọ sílẹ̀, Benedict, Agatha àti Olúyọmí. Ó fi ọmọ-ọmọ sílẹ̀, Olúfúnmilọ́lá àti Olúwakẹ́mi. Ìyá rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ lọ, Salome Aníwúrà. Bẹ́ẹ̀ ni, a kọ orúkọ náà síbí, kí ẹnikẹ́ni má bi wá nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, a mọ̀ pé orin wà lẹ́nu yín. A bẹ̀ yín, bí a bá dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ẹ gbé e mì. Aṣọ funfun kan ni Dora fi sínú pósí. Kì í ṣe ti Lucas, a kò sì wọ̀ ọ́ fún un. Aṣọ ìyá rẹ̀ ni, tí a kò ṣí láti ọdún 1966. Ọwọ́ Lucas méjèèjì ni a gbé e lé, kó lè gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, kó sì bẹ̀ ẹ́.

Lucas Jẹ́jẹ́lọlá, a kò mọ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ò ń lọ. Bí wọ́n bá ń béèrè ìbéèrè níbẹ̀, kí ẹni tó máa bi ọ́ má le bí ìwọ. Kí ẹnìkan pè ọ́ ní ọma lẹ́ẹ̀kan sí i. Sùn re o.