Àdúrà Tí Mo Gbà Lórí Ìlà Ọkàn Rẹ

Ọmọ mi, Ẹsẹ̀-Ehoro,

Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun kánú? Ẹ̀gbọ́n mi tí ò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Adìyẹ rẹ ti yé ẹyin mẹ́jọ, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mi ò nísinmi.

Fọ́ọ̀mù ilé ìwé yín ti dé ọwọ́ mi. Wọ́n ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i kó tó di Jímọ̀, orí bẹ́ǹṣì lo máa jókòó sí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń ṣe eré ìdárayá. Wọ́n ní tíṣà eré ìdárayá yín tuntun máa ń so aago mọ́ yín lọ́wọ́, aago á sì máa ya bí ọkàn yín ṣe ń lù sórí fóònù rẹ̀. Tíṣà wo ló ń kọ́ni ní eré sísá tó jẹ́ fóònù ló ń wò? Tíṣà Fèrè tó kọ́ èmi, tó tún kọ́ ìwọ, fèrè ló ń fọn: ọwọ́ sókè, ọwọ́ sílẹ̀, ẹ yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó bá gbẹ́yìn á fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò yẹ ọkàn ẹnikẹ́ni wò.

Wọ́n tún bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ti ní àìsàn ọkàn. Mo fò ó. O mọ̀ pé ọkàn bàbá rẹ ló dúró lójijì níbi tó ti ń fa omi. Mo ní bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, àfi bíi pé mo ń júwe ilé rẹ fún àìsàn náà.

Ìgbà tó yá ni ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán tí aago náà yà lọ́jọ́ tí wọ́n fi dán yín wò ránṣẹ́. Mo rí ìlà ọkàn rẹ, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀, ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín ayùn. Àyà mi já! Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ọkàn rẹ̀ ti wọ́! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀, pé kí Ọlọ́run bá mi na ìlà yẹn, kó tọ́ gbọnrangandan, kó má lọ sókè mọ́, kó má bọ̀ sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé fóònù lọ bá Tíṣà Fèrè, mo sì sọ àdúrà mi fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìgbà tó rí ojú mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, ìyá Ẹsẹ̀-Ehoro, ọkàn tí ìlà rẹ̀ bá tọ́, ọkàn tó ti dúró ni.

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo kúnlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, mo ní Ọlọ́run, jọ̀ọ́, má gbọ́ èyí tí mo ti sọ, èmi ni mi ò mọ̀, bí ayùn yẹn náà ni mo fẹ́ ẹ.

Tíṣà Fèrè tẹ̀lé mi wá, ó mú ẹsẹ̀ bàtà mi kan tó bọ́ sọ́nà dání. Ó ní fèrè òun kò sọ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ fún òun rí, ojú lásán lòun fi ń ṣọ́ wa, ẹ̀rù sì máa ń ba òun. Ó ní ṣùgbọ́n aago tí tíṣà yín ní yẹn, kò lè mọ ohun tí ìyá ọmọ bá fi pamọ́. Ni mo bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá rẹ̀. Mo sì fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí mi náà rí ṣóńṣó ṣóńṣó.

Mo fẹ́ ní kí o bá mi tọrọ owó òrùlé lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n àwòrán yẹn ni kó máa fi ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo Jímọ̀. Òrùlé ṣì lè máa jò ná. Bí tíṣà bá ní kí o dúró, dúró o, má torí ipò kìíní ṣe bí ẹni tí kò rẹ̀.

O ò ní kọsẹ̀. Ọ̀nà rẹ á tọ́, ọ̀rọ̀ rẹ á tọ́. Ìlà ọkàn rẹ nìkan ni kò ní tọ́ láéláé. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.